Ẹ Má Sọ Pẹ̀lẹ́ fún Màrdíyyàh

Ní Igbó-Ọrà, bí adìẹ bá kọsẹ̀ lójú títì, ẹnì kan yóò sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Bí o bá sín, pẹ̀lẹ́. Bí ẹrù bá wúwo lórí rẹ, pẹ̀lẹ́. Bí o bá jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ, tí ẹni tó ń kọjá lọ kò mọ ohun tí òun lè bá ọ sọ, pẹ̀lẹ́ náà ni. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń sọ ọ́, kò sí ẹni tó tó Ìyá Màrdíyyàh. Obìnrin yìí a máa sọ pẹ̀lẹ́ fún ẹ̀gẹ́ tó ń bó lọ́wọ́. A máa sọ ọ́ fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bí ẹ̀rọ náà bá húkọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí tíṣà eré ìdárayá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, tó ní kó má ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ́, àfi bíi pé wọ́n ní kó má mí mọ́.

"Pẹ̀lẹ́ kẹ̀?" Awẹ́ igbá tó fi ń yí gàrí dúró sí i lọ́wọ́.

"Pẹ̀lẹ́ náà ni, mà," ni Tíṣà Oyinadé dáhùn. "Àti rọra, àti jẹ́jẹ́, àti má ṣubú o. Ẹ jẹ́ ká ti Èrúwà dé ná."

Ìyá Búrẹ́mọ̀ ló jẹ́ àgbà gbogbo wọn níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àfi tó bá sùn. Ó ti gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú yìí! Ẹ gba adùn kúrò nínú gàrí, ẹ sọ ọ́ di kíkan, a ò bá yín jà. Ẹ tún wá gba pẹ̀lẹ́ kúrò lẹ́nu wa!"

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ìjẹ̀bú ni lóòótọ́, ìjọba ló gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ó sì ti mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tí òun máa dé ìdí ààrò gàrí tí wọn kò ní fi gàrí Ìjẹ̀bú bú òun.

"Kíkan yẹn náà lẹ kúkú ń fi omi tútù mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mà."

"Ta ló mu ún? Ẹ rí mi níbẹ̀?"

Ìyá Màrdíyyàh kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó gbé tíṣà wá.

Màrdíyyàh ọmọ rẹ̀, afòsókè ni. Eré fífo ọ̀pá ni. Wọn á gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú lórí igi méjì, ọmọ náà á sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, á kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá, á gbé ara rẹ̀ kọjá lókè, á sì fẹ̀yìn balẹ̀ lórí fóòmù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ rí i, ó pariwo, ó rò pé ọmọ òun ti sọ ara rẹ̀ nù ni. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lójú. Àṣé ó tètè mọ́ ọn lójú jù. Nínú òjò tó kọjá, ilẹ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ tutù, ẹsẹ̀ ọmọ náà yọ̀, ó kọjá fóòmù, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ òsì gúnlẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ yẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́sípítù, wọ́n fà á bọ sípò, wọ́n dì í. Ìyá rẹ̀ sọ pẹ̀lẹ́ lọ́jọ́ náà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ìgbọ̀nwọ́ ti san. Dókítà ká a, ó nà án, ó ní ọmọ náà lè fi gún iyán fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí Màrdíyyàh bá ti sáré dé ìdí ọ̀pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà bàrá. Kì í fọwọ́ kan ọ̀pá rárá. Á kàn dúró síbẹ̀, á di ìgbọ̀nwọ́ mú bí ẹni tí nǹkan fẹ́ já bọ́ lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje Èrúwà sì ń bọ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ Ìbàràpá ló máa wà níbẹ̀. Ọmọ méjì péré ni wọ́n máa mú nínú àwọn tó ń fo ọ̀pá, àwọn yẹn ni yóò lọ sí Ìbàdàn. Màrdíyyàh ti sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀, kò sì bú sẹ́kún nígbà tó ń sọ ọ́: "Màámi, tí mi ò bá fò ó ní Èrúwà, n ò ní dé pápá mọ́." Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni.

"Ara rẹ̀ ti le, mà," ni Tíṣà Oyinadé ń sọ. "Ọkàn ló kù. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì nìyẹn, ọkàn eléré ìdárayá. Bó ṣe ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, àti bó ṣe ń di ẹsẹ̀ mú."

"Wọ́n ń kọ́ èèyàn nìyẹn ní yunifásítì?" ni Ìyá Búrẹ́mọ̀ bi í. "Àwa rò pé bí wọ́n ṣe ń fun fèrè ni wọ́n kọ́ yín."

"Wọ́n kọ́ wa ní ìyẹn náà. Ìyá Búrẹ́mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ru garawa omi yẹn wá láti ìdí kànga."

"Òùngbẹ ń gbẹ yín ni?"

"Ẹ ṣáà bá mi rù ú."

Ìyá Búrẹ́mọ̀ gbé garawa lérí. Ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ń rìn bọ̀, ó ń bá ẹnì kan jà lọ́nà lórí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, ó yí orí wo ewúrẹ́ kan, ó ṣépè fún un. Omi kò ta sílẹ̀. Ó sọ garawa kalẹ̀ níwájú tíṣà.

"Ẹ ṣé o, mà. Ẹ bá mi rù ú padà."

"Ṣé orí ẹ pé, Tíṣà?"

Ṣùgbọ́n ó rù ú. Bó ti kọ ẹ̀yìn sí wọn báyìí, tíṣà ṣẹ́jú sí àwọn tó kù, ó sọ nǹkan sí wọn létí. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ariwo. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Búrẹ́mọ̀! Ẹ rọra o! Ilẹ̀ ń yọ̀ o! Ẹ má dà á nù o! Háà, ó ń tẹ̀ o, apá ọ̀tún! Ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

Ìyá Búrẹ́mọ̀ kọ́kọ́ pòṣé. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan sókè di garawa mú, ó tún gbé èkejì. Ọrùn rẹ̀ le bí igi. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn, àfi gbàà, omi dà sí i lọ́rùn, ó gba inú bùbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí.

"Ẹ ti pa mí o! Àwọn obìnrin burúkú yìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹlòmíràn fi jókòó sílẹ̀. Tíṣà dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń ru omi, mà?"

"Kí ìyá tó bí ẹ tó lọ́kọ!"

"Ọrùn yín wá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rù ú lónìí? Kò gbàgbé. Wọ́n mú ọkàn yín kúrò lórí ibi tí ẹ̀ ń lọ, wọ́n gbé e lé ibi tí ẹ lè ṣubú sí, ọrùn sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe Màrdíyyàh nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n tó bá ti jí, gbogbo ìlú ló ń rán an létí pé ó ṣubú rí. Ọlọ́kadà tó gbé e á sọ fún un. Ẹlẹ́kọ á sọ fún un. Nígbà tó bá fi máa dé ìdí ọ̀pá, kì í rí òkè mọ́, ilẹ̀ ló ń rí."

Ìyá Búrẹ́mọ̀ ń fún bùbá rẹ̀.

"Èmi ò fi ṣe é níbi, Tíṣà," ni Ìyá Màrdíyyàh sọ. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Mo mọ̀, mà. Ìfẹ́ ni." Tíṣà rẹ ohùn tirẹ̀ náà sílẹ̀ kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. "Ìyá Màrdíyyàh, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ fẹ́ kó fò?"

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. Òórùn gàrí tó ń jóná ló gba ibẹ̀ kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màrdíyyàh ti pápá dé, báàgì lọ́rùn, bàtà lọ́wọ́. Bó ti fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìdáná kọjá, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá ọlọ, gbì!

"Yé!"

Ẹnu ìyá rẹ̀ ti ṣí. "Pẹ̀..."

Ó rántí.

Ọ̀rọ̀ ti dé etí eyín. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tú jáde. Ohùn tó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ní láti wá ọ̀nà gbà padà sókè kíákíá. "Pẹ̀... pẹ́... pẹ́pẹ́yẹ!"

Màrdíyyàh gbàgbé ẹsẹ̀. "Pẹ́pẹ́yẹ dà, Màámi?"

Ìyá rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó wo ẹ̀yìn ìkòkò, tọkàntọkàn. "Ó... ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni."

Ní gbogbo àdúgbò wọn, kò sí ẹni tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn méjèèjì jọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú, ọmọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ìyá tẹ̀ lé e, wọ́n sì rín in títí Màrdíyyàh fi ń di ikùn mú dípò ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó sáàárín itan ìyá rẹ̀ kó lè bá a dirun. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ ohun tó bá ṣòro láti sọ lójúkojú.

"Tíṣà wá bá yín, àbí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá Búrẹ́mọ̀ ti sọ fún gbogbo òpópónà pé ìjọba ti fòfin de pẹ̀lẹ́."

Ìyá ya irun, ó fi ìka mú un. "Ṣé òótọ́ ni pé ó ń ṣe ọ́ ní nǹkan?"

Ọmọ náà ń ré èékánná rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, Màámi. Ohùn yín ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fa apá mi bọ sípò, ẹ di orí mi mú mọ́ àyà, ẹ ń sọ ọ́, ẹ ń sọ ọ́. Tí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, màá kàn tún bá ara mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni. Apá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí kí n tó dé ìdí ọ̀pá."

Ọwọ́ ìyá dúró nínú irun. Kí ló tún kù tó ní lọ́jọ́ náà? Kò mọ egungun tò, kò mọ abẹ́rẹ́ gún. Pẹ̀lẹ́ nìkan ló mú wọ yàrá yẹn, ó sì ná gbogbo rẹ̀ tán lórí ọmọ rẹ̀. Òun náà ló wá di ìrora yìí? Ó fẹ́ sunkún. Kò sunkún. Ó di ìlà irun tó kàn, àmọ́ ó fà á le jù.

"Yé, Màámi, ó ń dùn mí!"

"Pẹ́pẹ́yẹ," ni ìyá rẹ̀ wí, wẹ́rẹ́.

Ẹ̀rín tún bọ́ lẹ́nu ọmọ náà. Nígbà tó dákẹ́, ìyá rẹ̀ sọ ohun tí kò lè sọ fún tíṣà.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màrdíyyàh. Bí mo bá sọ fún ọ pé rọra, ohun tó wà nínú mi ni pé má lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

"Kí ni Tíṣà ní kí o ṣe sí tìẹ?"

Màrdíyyàh yí ojú padà sí i, tòun ti irun tí wọ́n dì dé ìdajì. "Ẹ fa èémí wọlé láti imú títí ikùn yín á fi gbéra. Ó tó. Ẹ wá rọra fẹ́ ẹ síta, bíi pé ẹ̀ ń fẹ́ná tí ẹ ò fẹ́ kí eérú fò."

Èyí yé ìyá. Ta ló tún fẹ́ná ju òun lọ? Ó fà á, ó fẹ́ ẹ. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé wọ́n ti wà lókè láti àárọ̀.

"Ẹ wá dijú. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń sáré bọ̀. Tíṣà ní kí n kọ́kọ́ fò ó nínú ọkàn kí n tó fò ó lórí pápá. Ẹ rí ọ̀pá? Ẹ rí ẹsẹ̀ mi tó gbá ilẹ̀? Mo ti dé òkè. Ẹ rí mi?"

Ìyá lajú lójijì. "Mo rí i tí o ṣubú."

"Èmi náà ṣubú nígbà àkọ́kọ́," ni ọmọ rẹ̀ sọ, bíi pé kò já mọ́ nǹkan. "Ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un wò."

Wọ́n tún un wò. Láti ọjọ́ náà, tí gàrí bá tán nínú agbada, tí èkejì kò tíì wọlé, ẹ máa bá Ìyá Màrdíyyàh níbi tó ti dijú tó ń fẹ́ iná tí kò sí. Ìyá Búrẹ́mọ̀ ní kí wọ́n wá bá òun gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n òun náà ń gbìyànjú láti má sọ pẹ̀lẹ́, ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo òpópónà ló ń gbìyànjú. Ọlọ́kadà tó ń gbé Màrdíyyàh lọ sílé ẹ̀kọ́ bọ́ sínú kòtò, ó ní, "Pẹ̀... ẹ kú àárọ̀ o." Ẹlẹ́kọ rí i tó ru ẹrù, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sá wọlé. Ìlú tí kò bára wọn jà di ìlú tí wọn kò kíra wọn.

Ohun kan ló kù tí Tíṣà Oyinadé kò rí yanjú. Màrdíyyàh ti ń fò báyìí bí ọ̀pá bá wà nísàlẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé e sókè, ó tún ń yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣà ní kó wá ọ̀rọ̀ kan tó máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tó máa sọ lábẹ́lẹ̀ kó tó gbéra, kí ọkàn rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Wọ́n dán "òkè" wò, kò ràn án. Tíṣà mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wá tí àwọn eléré ìlú òyìnbó ń lò, Màrdíyyàh ní tí òun bá ti pè é, ó ń dà bíi pé òun gùfẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ sí Èrúwà láìní ọ̀rọ̀ kankan.

Pápá kún. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti Ìdèrè, láti Ayétẹ̀, láti Lànlátẹ̀, láti Tápà, aṣọ wọn lóríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn obìnrin ìdí ààrò gàrí jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò, Ìyá Màrdíyyàh láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n fi ọ̀pá sísàlẹ̀, ọmọ rẹ̀ fò ó bíi pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n gbé e sókè, ó tún fò ó. Ìyá Búrẹ́mọ̀ ti ń sọ fún àwọn ará Èrúwà pé òun ni òun kọ́ ọ.

Wọ́n wá tún gbé e sókè, ọmọ mẹ́ta péré ló kù. Ọmọ Tápà kan tó ga bí igi ọ̀pẹ fò ó kọjá. Ọmọ Ayétẹ̀ kan gbìyànjú títí, ó kùnà, ó ń sunkún lọ. Ó wá ku Màrdíyyàh. Tó bá fò ó, òun ni èkejì. Tí kò bá fò ó, wọ́n á ní kí òun àti ọmọ Ayétẹ̀ tún fò kí wọ́n lè mú ẹnì kan, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ pé Màrdíyyàh kò ní padà wá sídìí ọ̀pá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa jẹ́ kéèyàn gbìyànjú.

Àkọ́kọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ọ̀pá. Ọ̀pá já bọ́.

Ta ló sọ òfin fún Èrúwà? Gbogbo pápá, tọmọdé tàgbà, la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Pẹ̀lẹ́ ooo!"

Ọkùnrin tó di àsíá mú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ gbé e nílẹ̀: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Tíṣà Oyinadé, Tíṣà Oyinadé tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu odidi ìlú, pariwo pẹ̀lẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìlà, ó sì gbá ara rẹ̀ lẹ́nu, pá!

"Ará Ìjẹ̀bú!" ni Ìyá Búrẹ́mọ̀ sọ láàárín eyín.

Ìyá Màrdíyyàh kò wo ẹnì kankan. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ti dé orí ìgbọ̀nwọ́ òsì.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ fò dáadáa, àyà ló fi gbé ọ̀pá lọ. "Pẹ̀lẹ́ ooo!" Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó sáré bọ̀, ó dé ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà bàrá.

Alásìíá ní, "Kò kan ọ̀pá. Ó ṣì lè padà lọ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kó yára."

Màrdíyyàh padà sí ibi tí wọ́n ti ń gbéra, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Ó dúró. Ó di ìgbọ̀nwọ́ mú. Bó ṣe wà yẹn, ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà, kò sí ní Èrúwà. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọ́sípítù.

Ìyá Màrdíyyàh dìde.

Ìyá Búrẹ́mọ̀ gbá ìró rẹ̀ mú. "Mo bẹ̀ ọ́. Nítorí Ọlọ́run, má sọ ọ́!"

Ó wà lẹ́nu rẹ̀ kẹ̀. Ó ti gbóná, ó ti délẹ̀, ó kún ẹnu rẹ̀ bí omi. Kí ló tún kù tí ìyá lè sọ fún ọmọ tó dúró báyìí lójú gbogbo ayé? Ó fa èémí láti imú títí ikùn rẹ̀ fi gbéra. Ó fẹ́ ẹ síta, eérú kò fò. Ó wo ọmọ rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ó sáré bọ̀, ó gbá ilẹ̀, ó dé òkè. Kò ṣubú. Òótọ́ ni, lójú Ọlọ́run, kò ṣubú. Ìyá Màrdíyyàh mọ̀ nígbà náà pé òun fẹ́ kó fò.

"Pẹ́pẹ́yẹ!" Ohùn rẹ̀ ta bí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. "Màrdíyyàh! Pẹ́pẹ́yẹ!"

Ọkùnrin kan nítòsí wọn dìde, ó ń wo abẹ́ àga rẹ̀. "Pẹ́pẹ́yẹ dà?" Àwọn obìnrin kan gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹnì kan ní ó ti gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Lànlátẹ̀ lọ. Ìyá Màrdíyyàh kò dáhùn, ó na apá méjèèjì, ó ń fi wọ́n lu ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ bí ẹyẹ tó sanra jù tí kò lè gbé ara rẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ ọ̀tún Màrdíyyàh kúrò lórí ìgbọ̀nwọ́. Ó fi bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Wọ́n rò pé ó ń sunkún, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ irú ẹ̀rín tí ìyẹn jẹ́. Nígbà tó gbé ojú sókè, ó ti padà dé Èrúwà. Ó fa èémí, ó rọra fẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ mì, ó sọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ tó sọ.

Ó gbéra.

Ìyá Màrdíyyàh kò dijú. Ó rí i bó ṣe ń yí bọ̀, tó ń yára sí i, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbá ilẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá, tó nà gbalaja lójú sánmà bí ẹni tó sùn sórí afẹ́fẹ́. Ìdí rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó kọjá. Nǹkan kan kan ọ̀pá. Ọ̀pá gbọ̀n rìrì, ó rò ó, ó tún un rò.

Ó dúró.

Màrdíyyàh fẹ̀yìn balẹ̀ lórí fóòmù, kò dìde. Ó ń wo òkè, ó na apá méjèèjì gbooro, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀.

Ọmọ Tápà ló gba ipò kìíní, Màrdíyyàh gba ìkejì. Wọ́n pe orúkọ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa múra Ìbàdàn. Ìyá Búrẹ́mọ̀ ti jó títí gèlè rẹ̀ fi bọ́. Tíṣà Oyinadé wá, ètè rẹ̀ ṣì pọ́n níbi tó ti gbá ara rẹ̀.

"Ìyá Màrdíyyàh, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni pẹ́pẹ́yẹ?"

"Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, Tíṣà."

"Èmi àti ọmọ yìí ti wá ọ̀rọ̀ yẹn títí, a ò rí i."

"Ẹ ò bá ti tètè sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń wá. Ẹ̀yin lẹ kúkú bá wa ṣe é, ẹ̀yin lẹ gba èyí àkọ́kọ́ lẹ́nu mi."

"Wọ́n á fi kún un ní yunifásítì báyìí," ni Ìyá Búrẹ́mọ̀ wí. "Ẹ̀kọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Èmi ni màá máa kọ́ wọn."

Wọ́n ń lọ sídìí bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn pa pọ̀, ẹní lórí, ariwo lẹ́nu. Màrdíyyàh ń yí ojú padà wo pápá, kò wo iwájú, ó sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbá òkúta.

"Yé!"

Gbogbo wọn dúró. Ìyá Búrẹ́mọ̀ ti há ètè méjèèjì mọ́ra, ojú rẹ̀ fẹ́ bẹ́.

Màrdíyyàh dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń retí. Ó wò wọ́n yíká.

"Ṣé ẹ ò rí mi ni? Ó dùn mí o!"

Wọ́n wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo tíṣà. Tíṣà Oyinadé fọwọ́ kan ètè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "A ti kúrò lórí pápá, mà."

Ìyá Màrdíyyàh gbé ẹrù kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú eruku, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí àtàǹpàkò tó pọ́n.

"Pẹ̀lẹ́," ló wí. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́ o, ìyá mi. Pẹ̀lẹ́."

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ìdí ààrò gàrí tú gbogbo èyí tí wọ́n ti kó jọ sínú láti ọjọ́ yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lẹ́ lókè, pẹ̀lẹ́ nísàlẹ̀, àwọn èrò bọ́ọ̀sì yọ orí láti wo ẹni tó kú. Màrdíyyàh fi ọwọ́ òsì ti èjìká ìyá rẹ̀ kó má baà ṣubú, ó tẹ̀ ẹ́ lé e dáadáa, gbogbo ara rẹ̀ lórí ìgbọ̀nwọ́ yẹn, ó sì ń gbọ́ ọ.